Hítìn Olómi àti Pọ́ǹpù Rẹ̀: Ohun Tí Ẹ Lè Fọwọ́ Ara Yín Ṣe Nínú Ilé ní Ìlú Ọba

Orí yìí wà fún ẹni tó ń gbé ní Ìlú Ọba, tó ní bọ́ílà nínú ilé tó rà tàbí ilé tó yá, tó sì fẹ́ kí gbogbo rédíétọ̀ rẹ̀ máa gbóná kí òtútù oṣù kọkànlá tó wọlé dé. Bó bá jẹ́ ilé àwòṣífìlà káńsù lẹ ń gbé, níbi tí bọ́ílà ńlá kan ti ń fún gbogbo ẹ̀sítéètì ní omi gbígbóná, ẹ ò ní bọ́ílà tiyín. Àpótí tó wà lára ògiri yín kì í ṣe tiyín láti ṣí. Káńsù ni kí ẹ pè.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn èèyàn wa ń pè ní "bọ́ílà ti bàjẹ́" kì í ṣe bọ́ílà rárá. Afẹ́fẹ́ ló há sínú rédíétọ̀, tàbí omi ló dín, tàbí pọ́ǹpù ló ti lẹ̀ mọ́ ojú kan, tàbí fáàfù ló kọ̀ láti ṣí. Kò sí gáàsì nínú ìkankan wọn, ẹni tó bá ní sùúrù lè yanjú ọ̀pọ̀ nínú wọn láàárọ̀ Sátidé kan. Ohun tó bá ti ní gáàsì nínú, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀, a ó sì dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- kọ́kọ́rọ́ rédíétọ̀, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ gbogbo. Bó bá jẹ́ rédíétọ̀ tuntun, sukudiráífà pẹlẹbẹ lè ṣe é
- sukudiráífà pẹlẹbẹ tó fẹ̀ lẹ́nu, fún pọ́ǹpù
- sípánà tí a lè fẹ̀, tí a sì lè sún
- àkísà tó pọ̀, abọ́ kékeré kan, àti táwẹ̀lì àtijọ́ kan tí ẹ ò ní í sunkún rẹ̀
- tọ́ọ̀ṣì, bíró àti téèpù tó ṣeé kọ̀wé sí
- àláàmù carbon monoxide tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́
- ìwé tó bá bọ́ílà wá. Bó bá ti sọ nù, ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára bọ́ílà wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ má fojú kéré táwẹ̀lì yẹn. Omi inú rédíétọ̀ dúdú bí omi aró, torí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí irin ti ń dógùn-ún sínú rẹ̀. Bó bá kán sórí kápẹ́ẹ̀tì tó mọ́ lára, ojú ibẹ̀ kò ní í padà sí bó ṣe wà.

Ẹ tún wá fáàfù tí wọ́n fi ń pa omi gbogbo ilé. Abẹ́ síǹkì ilé ìdáná ló sábà máa ń wà. Ẹ yí i pa, kí ẹ yí i ṣí padà, kí ẹ lè mọ̀ pé kò tíì há. Ọjọ́ tí páìpù bá bẹ́ kọ́ ló yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri.

Ibi tí ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ dé

Òfin ààbò gáàsì ọdún 1998 kò gba aláìmọṣẹ́ láàyè láti fọwọ́ kan ohun èlò gáàsì. Ẹni tó bá sì ń gbowó lórí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Gas Safe Register, tó gbapò CORGI ní oṣù kẹrin ọdún 2009. Kí ẹnjiníà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ní kó fi káàdì rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ irú iṣẹ́ tó lè ṣe sí; ẹni tó ní àṣẹ lórí sítóòfù lè máà ní àṣẹ lórí bọ́ílà. Bùrọ̀dá tó "mọ̀ nípa ẹ̀" ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí kò tó. Mo mọ̀ pé owó ni gbogbo wa ń ṣọ́, àmọ́ ibi tí a ti lè ṣọ́ owó pọ̀ nínú ilé, ìdí bọ́ílà kò sí lára wọn.

Nítorí náà, ẹ má ṣí ìdérí bọ́ílà. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ílà òde òní, ìdérí yẹn wà lára ohun tó ń sé èéfín mọ́ inú kó má baà tú sínú yàrá. Ìwọ̀n tí ẹ lè fọwọ́ kàn kò ju bọ́tìnì àti gééjì tó wà níta lọ.

Carbon monoxide, gáàsì olóró tó lè wà nínú èéfín yẹn, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ tó ń lọ bí ẹ bá ti jáde, tó tún ń padà bí ẹ bá ti wọlé, ẹ má kàn pè é ní ibà. Ẹ pa bọ́ílà, ẹ ṣí fèrèsé, kí gbogbo ilé jáde, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí onílé fi àláàmù rẹ̀ sí yàrá gbígbé tí bọ́ílà bá wà nínú rẹ̀. Bí onílé bá ti fi í sí i, ẹ̀yin lẹ ni títẹ bọ́tìnì rẹ̀ lóṣooṣù.

Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa èyí tó ń tàn. Ẹ yí ọwọ́ fáàfù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà títí tó fi máa dábùú páìpù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ jáde. Ìta ni kí ẹ ti pe 0800 111 999. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń gbé e.

Ọ̀rọ̀ kan fún ayálégbé: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin onílé àti ayálégbé ti ọdún 1985 fi àtúnṣe hítìn àti omi gbígbóná sọ́rùn onílé nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n fi ń háyà. Lọ́dọọdún ni ẹnjiníà Gas Safe gbọ́dọ̀ yẹ bọ́ílà náà wò, kí onílé sì fún yín ní ìwé rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28. Ẹ má fi owó ara yín tún bọ́ílà onílé ṣe. Ẹ kọ̀wé sí i, kí ọjọ́ sì wà lórí ìwé náà.

Ẹ fọwọ́ tọ ipa omi

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kọ́ńbì, tí kò ní táǹkì lájà, tí kò sì ní sílíńdà. Bí ẹ bá ti ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná, ẹ máa gbọ́ tí bọ́ílà gbiná. Pọ́ǹpù rẹ̀ wà nínú bọ́ílà, ìyẹn ni pé ọwọ́ yín kò kàn án. Èkejì ní sílíńdà nínú kọ́bọ́ọ̀dù àmọ́ kò ní táǹkì lájà. Gééjì pírẹ́ṣọ̀ wà lára rẹ̀ bíi ti kọ́ńbì, pọ́ǹpù rẹ̀ náà sì sábà máa ń wà nínú bọ́ílà. Ẹ̀kẹta ni ti àtijọ́, tó ṣì pọ̀ nínú ilé àwọn èèyàn wa: sílíńdà bàbà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, táǹkì méjì lájà, ńlá fún omi ilé, kékeré fún rédíétọ̀. Pọ́ǹpù tirẹ̀ wà níta bọ́ílà, lọ́pọ̀ ìgbà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà tí ẹ ń kó bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti Ghana-must-go sí. Ẹ kó ẹrù yẹn kúrò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Omi inú rédíétọ̀ àti omi tí ẹ fi ń wẹ̀ kì í pàdé. Omi bọ́ílà ń gba inú páìpù tó ká kò nínú sílíńdà kọjá, á fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún omi ìwẹ̀, á sì padà sídìí bọ́ílà lọ gbóná. Láyé àtijọ́, omi gbígbóná ń fúnra rẹ̀ gòkè lọ sí sílíńdà torí pé ó fúyẹ́ ju omi tútù lọ, rédíétọ̀ nìkan ni pọ́ǹpù ń bọ́. Lóde òní, pọ́ǹpù kan ló ń ti omi lọ síbi méjèèjì, fáàfù oníná ló sì ń pín in. Bó bá jẹ́ fáàfù kan tó ní ẹnu mẹ́ta, àwọn ẹnjiníà á ní Y-plan lẹ ní. Bó bá jẹ́ fáàfù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì, S-plan ni.

Tẹmọstáàtì á kọ́kọ́ béèrè ooru. Fáàfù á ṣí. Lẹ́yìn náà ni pọ́ǹpù àti bọ́ílà á tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ìlà yìí, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ti máa wá wàhálà.

Ẹ tan hítìn, ẹ yí tẹmọstáàtì yàrá sí 25, ẹ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ẹ wá máa fi ẹ̀yìn ìka kan páìpù fẹ́rẹ́, fẹ́rẹ́ ni mo wí, torí omi tó ń ti bọ́ílà bọ̀ lè tó 70°C. Bí páìpù tó jáde láti ara bọ́ílà kò bá gbóná rárá, ẹ wo aago hítìn, ẹ wo gééjì, ẹ wo ṣuwíìṣì, kí ẹ sì wo mítà gáàsì bó bá jẹ́ irú tí ẹ ń rà sínú káàdì. Owó ẹnjiníà ti bá kírẹ́díìtì tó tán lọ rí nínú ọ̀pọ̀ ilé. Bó bá gbóná dé ìdí pọ́ǹpù tó sì tutù lódìkejì, pọ́ǹpù ni ká wò tàbí afẹ́fẹ́ tó há sí i. Bó bá gbóná kọjá pọ́ǹpù, tó tutù lẹ́yìn fáàfù, fáàfù ni. Bí gbogbo rédíétọ̀ bá gbóná àyàfi ọ̀kan, ọ̀kan yẹn ni kí ẹ bá wí.

Yíyọ afẹ́fẹ́

Rédíétọ̀ tó gbóná nísàlẹ̀, tó tutù lókè, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó gbóná lókè tó tutù nísàlẹ̀ láàárín, ẹrẹ̀ ìdógùn-ún dúdú ló jókòó sínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yín kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹnjiníà ló máa fọ̀ ọ́.

1. Ẹ pa hítìn, kí ẹ jẹ́ kí rédíétọ̀ tutù. Omi gbígbóná lè bó yín lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà tí pọ́ǹpù bá ń yí, ó lè fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ojú ihò tí ẹ fẹ́ fi lé e jáde.

2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ilé, kí ẹ máa gòkè lọ.

3. Ní igun òkè rédíétọ̀, ẹ máa rí ihò kan tí orí ìdè onígun mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Ẹ ká àkísà yí i ká, kí ẹ gbé abọ́ sábẹ́. Ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ yí i sápá òsì, kó má ju ìlàjì ìyípo lọ. Ẹ máa gbọ́ "ṣíìì", afẹ́fẹ́ ló ń jáde yẹn. Á kọ́kọ́ máa jáde geere, á wá máa tú omi díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìfófòó.

4. Nígbà tó bá di omi nìkan, ẹ yí i pa. Ẹ má fi agbára fún un. Idẹ ni, orí rẹ̀ lè jẹ.

5. Bí ilé yín bá ní gééjì, ẹ wò ó, torí afẹ́fẹ́ tó jáde ti dín pírẹ́ṣọ̀ kù. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́, ẹ gun òkè àjà lọ wo táǹkì kékeré, bóyá omi wà nínú rẹ̀, bóyá bọ́ọ̀lù tó léfòó nínú rẹ̀ ṣì ń lọ sókè-sódò. Bọ́ọ̀lù tó ti há ló ń jẹ́ kí rédíétọ̀ òkè máa tutù láìmọ ìdí.

Ẹ má yọ ìdè kékeré yẹn tán. Bó bá bọ́ sílẹ̀ tí omi dúdú sì ń tú, àtidá a padà pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù kì í ṣe kékeré.

Rédíétọ̀ tó ń kó afẹ́fẹ́ jọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lè máà jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ló ń kó. Irin tó ń dógùn-ún nínú omi máa ń tú gáàsì hydrogen jáde, hydrogen sì máa ń gbiná. Nítorí náà, kò sí sìgá, kò sí àbẹ́là, kò sí ìṣáná nítòsí ibi tí ẹ ti ń tú u. Oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún ló ti tán nínú omi yẹn, ó ti tó àkókò láti fọ páìpù kí wọ́n sì da tuntun sí i.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ gééjì bá wálẹ̀

Bí ẹ̀rọ bá tutù, ó yẹ kí gééjì wà láàárín 1 àti 1.5 bar. Bó bá gbóná, ó lè gun nǹkan bíi 2. Bó bá dé 3, fáàfù ààbò á ṣí, omi á sì máa jáde láti páìpù bàbà kékeré tó yọrí sí ara ògiri níta. Bó bá sún mọ́ òdo, ọ̀pọ̀ bọ́ílà kò ní í gbiná.

1. Ẹ pa bọ́ílà, kó tutù.

2. Ẹ wá hóòsì kékeré tí wọ́n fi wáyà irin hun lára, tó ní fáàfù kékeré ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Abẹ́ bọ́ílà tàbí ìdí sílíńdà ló máa ń wà. Bọ́ílà mìíràn ní ọwọ́ tàbí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ dípò hóòsì; ẹ wo ìwé rẹ̀.

3. Ẹ rí i pé hóòsì náà fún dáadáa. Ẹ ṣí fáàfù kan tán, kí ẹ wá rọra ṣí èkejì. Ẹ máa gbọ́ bí omi ṣe ń wọlé. Ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò lára gééjì.

4. Ní 1.2 tàbí 1.5, ẹ pa méjèèjì. Bí ẹ bá ti kọjá 2, ẹ tú díẹ̀ jáde láti ara rédíétọ̀ kan.

5. Ẹ tú hóòsì kúrò, kí ẹ dé ojú rẹ̀. Òfin omi Ìlú Ọba kò fẹ́ kó wà níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, torí omi ẹlẹ́gbin inú rédíétọ̀ lè padà wọ inú omi mímu.

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lẹ ń ṣe èyí, kò burú. Bó bá di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, omi ń jò níbì kan, àti pé gbogbo omi tuntun tí ẹ ń dà sí i ń gbé atẹ́gùn tuntun wọlé fún irin láti fi dógùn-ún. Bí abẹ́rẹ́ bá sì ń sáré gun 3 nígbà tó gbóná, tó tún já sí òdo nígbà tó tutù, àgbá irin kékeré tó ń fàyè sílẹ̀ fún omi tó ń fẹ̀ ló ti pàdánù afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ pe ẹnjiníà, ẹ má máa bu omi sí i.

Pọ́ǹpù tó lẹ̀ mọ́ ojú kan

Èyí kan ilé tí pọ́ǹpù rẹ̀ wà níta bọ́ílà. Ilé tí wọ́n ti ń fi immersion (irin oníná inú sílíńdà) mú omi gbóná láti oṣù karùn-ún ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù, torí pọ́ǹpù ti jókòó lójú kan fún oṣù mẹ́rin, márùn-ún.

Kí hítìn ṣì wà ní títàn, ẹ fi ẹnu sukudiráífà kan ara pọ́ǹpù, kí ẹ sì fi etí ti ìdí rẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń yí máa ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdáwọ́ dúró. Èyí tó lẹ̀ lè máa kùn láìyí, ara rẹ̀ á sì gbóná kọjá bó ti yẹ. Èyí tó ń dún bí ẹni ń lọ òkúta, ó ti ń kú lọ. Ẹ lọ máa tọ́jú owó òmíràn. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan rárá, ó lè jẹ́ pé iná kò dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá rí i pé ó lẹ̀, ẹ pa iná rẹ̀ ní ṣuwíìṣì, ẹ yọ fíùsì inú ṣuwíìṣì náà, kí ẹ sì fi í sápò ara yín, kí ẹnikẹ́ni má baà tan án nígbà tí ọwọ́ yín wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ tẹ́ táwẹ̀lì sábẹ́ pọ́ǹpù, kí ẹ sì fi àkísà bo àpótí wáyà rẹ̀. Pọ́ǹpù àtijọ́ ní ìdè ńlá kan láàárín ojú rẹ̀. Ẹ rọra tú u. Omi díẹ̀ á kán. Nínú ihò yẹn ni orí ọ̀pá tó ń yí wà, pẹ̀lú ojú pẹlẹbẹ fún sukudiráífà. Ẹ ki sukudiráífà bọ̀ ọ́, kí ẹ yí i lọ, yí i bọ̀. Á kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ti tú. Ẹ dé e padà, ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó dá fíùsì padà.

Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù tuntun kò ní ìdè yẹn; ẹ má fi tipátipá wá ohun tí kò sí. Ẹ má sì ṣí àpótí wáyà rẹ̀.

Pọ́ǹpù àtijọ́ sábà máa ń ní ìpele eré mẹ́ta. Ẹ fi í sílẹ̀ sí èyí tí ẹnjiníà gbé e sí. Àwọn kan á gbé e sí III pé kí ilé lè tètè gbóná. Ohun tó máa ń fà ni ariwo nínú páìpù, nígbà mìíràn á sì máa ti omi gbígbóná jáde láti ẹnu páìpù tó tẹ̀ kọ́ sórí táǹkì kékeré lájà. Bí táǹkì kékeré yẹn bá gbóná, ẹ pe ẹnjiníà kíákíá. Atẹ́gùn ló ń wọ inú gbogbo ẹ̀rọ yín.

Fáàfù oníná ní ọwọ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀. Bí fáàfù ẹlẹ́nu méjì bá ti ṣí fúnra rẹ̀, ọwọ́ yẹn á rọ̀. Bó bá ṣì wà ní pípa, ẹ máa rí i pé ó ń ta kò yín. Bí ẹ bá ti béèrè ooru, tí ìṣẹ́jú kan kọjá, tí ọwọ́ náà sì ń ta kò yín síbẹ̀, mọ́tò rẹ̀ ti kú tàbí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí yìí fún ẹnjiníà lórí fóònù, kó lè mú ẹ̀yà rẹ̀ dání wá.

Rédíétọ̀ kan ṣoṣo tó kọ̀

Bí ó bá ní fáàfù tó ní nọ́ńbà 1 dé 5 lórí, pínnì inú rẹ̀ lè ti há láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ yí orí fáàfù náà kúrò pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ máa rí pínnì tín-ínrín kan. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sípánà tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ó yẹ kó wọlé díẹ̀, kó sì ta padà fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi máa tú. Ẹ má fi páláyà fà á: bó bá yọ, omi á tẹ̀ lé e. Bí oṣù karùn-ún bá dé, ẹ ṣí gbogbo fáàfù wọ̀nyí dé 5 kí ẹ tó gbàgbé wọn.

Bí rédíétọ̀ ìtòsí bọ́ílà bá ń jóni lọ́wọ́, tí ti yàrá àwọn ọmọ lókè sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, pínpín omi kò dọ́gba. Fáàfù kejì, èyí tó ní ìdérí ike tí kò ní nọ́ńbà, ni wọ́n fi ń pín in. Ẹ yí i sápá ọ̀tún títí yóò fi pa, kí ẹ ka iye ìyípo rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí téèpù lẹ ẹ́ mọ́ rédíétọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ti ìtòsí bọ́ílà ní ìdá mẹ́rin ìyípo, kí ẹ ṣí ti ọ̀nà jíjìn tán. Ẹ dúró wákàtí kan kí ẹ tó tún un ṣe. Ìkánjú ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́.

Omi ìwẹ̀

Ẹ gbé tẹmọstáàtì tó wà lára sílíńdà sí 60°C. Bó bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kòkòrò legionella lè máa pọ̀ nínú omi tó jókòó. Bó bá sì ga jù, á bó ọmọdé lára. 60 pàápàá lè bó ọmọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nítorí náà omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bu sí báàfù. Kọ́ńbì kì í tọ́jú omi pamọ́. 45 sí 50°C tó fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo immersion, ẹ fetí sílẹ̀. Ní Taunton, lọ́dún 2006, tẹmọstáàtì immersion kan bàjẹ́, omi híhó gòkè lọ sínú táǹkì oníke tó wà lájà, táǹkì náà rọ̀, ó sì ya lulẹ̀ lé ọmọ ọwọ́ kan lórí níbi tó sùn sí. Ọmọ náà kú. Bí sílíńdà bá ń hó kùtùkùtù, tí èéfín omi gbígbóná bá ń jáde lájà, tàbí tí ẹnu ẹ̀rọ omi tútù bá ń mú omi gbígbóná wá, ẹ pa immersion lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sùn sí yàrá tó wà lábẹ́ táǹkì.

Òtútù, àti ìrìn àjò oṣù kejìlá

Láti ọdún 2005 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ti ní kí ọ̀pọ̀ bọ́ílà gáàsì tuntun jẹ́ irú tó ń fa ooru kúrò nínú èéfín rẹ̀ títí á fi di omi. Omi yẹn ń gba páìpù oníke jáde síta. Bó bá dì nínú yìnyín, bọ́ílà á máa dún gbùlù-gbùlù, á sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹ da omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lé páìpù náà lórí níta, omi híhó kọ́, torí ó lè la páìpù. Bó bá yọ́, ẹ tẹ bọ́tìnì àtúnbẹ̀rẹ̀. Bí páìpù náà bá wà lókè, ẹ má gun àkàbà lórí yìnyín.

Ẹni tó bá ń lọ sílé lọ ṣe Kérésì àti ọdún tuntun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọ̀pọ̀ máa ń pa hítìn kí owó gáàsì má baà gòkè, wọ́n á wá padà dé láti Èkó tàbí Ìbàdàn bá àjà tó ti wó lulẹ̀ torí páìpù tó dì tó sì bẹ́. Ẹ fi hítìn sílẹ̀ ní nǹkan bíi 12 sí 15°C, kí ẹ ka ìwé ìbánigbófò ilé yín, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sanwó bí hítìn bá wà ní pípa. Ẹ pa omi gbogbo ilé. Ẹ ṣí ojú ọ̀nà àjà díẹ̀ kí ooru lè gòkè dé ọ̀dọ̀ táǹkì. Òwú tí wọ́n fi ń dènà òtútù lájà kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ táǹkì náà, ara rẹ̀ àti orí rẹ̀ nìkan ni. Ẹ fún ẹnì kan ní kọ́kọ́rọ́ ilé, kó máa yà wò ó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Yíyí tẹmọstáàtì sí 30 kì í mú kí ilé tètè gbóná. Ohun tó ń sọ fún bọ́ílà ni ibi tó ti máa dúró. Eré tó máa sá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbé e sí 18 sí 21, kí ẹ wọ súẹ́tà.

Ẹ má gbé sófà tàbí bẹ́ẹ̀dì dí rédíétọ̀, ẹ má sì fi aṣọ bò ó látòkè délẹ̀. Aṣọ tútù lórí rédíétọ̀ ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí ló ń bí dúdú tó ń hù lára ògiri.

Rédíétọ̀ tó wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú tẹmọstáàtì ilé, ẹ má pa á. Bí yàrá yẹn kò bá gbóná, tẹmọstáàtì kò ní dẹ́kun bíbéèrè, bọ́ílà á sì máa jó gáàsì títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bí kọ́ńbì lẹ ní, ẹ dín ooru omi rédíétọ̀ kù sí 60°C tàbí kó dín díẹ̀ sí i, torí omi tó ń padà sí bọ́ílà gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 55 kó tó lè fa ooru inú èéfín dáadáa. Ẹni tó ní sílíńdà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ tán. 65 sí 70 ni tirẹ̀, kí sílíńdà lè dé 60.

Ẹ pe ẹnjiníà fún àyẹ̀wò ọdọọdún ní oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àyè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ yìnyín àkọ́kọ́ máa tò sẹ́yìn gbogbo àdúgbò.